Ẹ Jẹ́ Kí Ògùnpa Rọ́nà Gbà

Bí èèyàn bá dárúkọ odò Ògùnpa létí ẹni tó ti dàgbà n'Ìbàdàn, Omíyalé ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀, odò kún, ó ya wọ ilé onílé. Àwọn tó bá a lọ lé ní 100. Ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún gba ìgboro, afárá wó, ẹ̀mí tó lé ní 100 tún ṣòfò. Lẹ́yìn èyí ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ dídènà omíyalé n'Ìbàdàn. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n kọnkéré kò lè di ọwọ́ ẹni tó ń da ilẹ̀ sódò lóru mú.

Ìdí nìyí tí mo fi mọ rírì àwọn ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wa. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á kó àdá, ṣọ́bìrì àti bùútù òjò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú odò kékeré tó ń ṣàn bọ́ sínú Ògùnpa. Èmi náà máa ń bá wọn lọ, mo máa ń ṣe èyí tí apá mi bá ká.

Ẹni tí kò bá tíì ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ kò lè mọ ohun tó ń dí odò. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà ni olórí ọ̀tá. Ẹrẹ̀ á bò ó, òmíràn á gorí ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á tún bo ìyẹn náà, títí gbogbo rẹ̀ á fi tò léra bí aṣọ inú àpótí. Ṣọ́bìrì kì í wọ̀ ọ́. Ọwọ́ la fi ń fà á yọ níkọ̀ọ̀kan, tòórùn-tòórùn. Lọ́jọ́ kan, a bá fóòmù ibùsùn lábẹ́ afárá, ó fẹ̀gbẹ́ dúró, ó dí ojú ihò kan pátápátá. Ẹ̀ka igi, àpò sìmẹ́ǹtì àti pámpásì ti rọ̀ mọ́ ọn, ó ti di ògiri. Nígbà tí àwọn géńdé so okùn mọ́ ọn, tí wọ́n fà á kúrò, omi tó ti dá sẹ́yìn rẹ̀ ya lẹ́ẹ̀kan náà, ó mù wá dé orúnkún. Bí òjò ńlá bá bá fóòmù yẹn níbẹ̀, yàrá àwọn èèyàn ni omi náà ì bá gbà.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ létí odò kí wa pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ò ní fi ṣàìsàn. Àmọ́ ta ni yóò máa ṣọ́ ọ bí ẹ bá lọ tán?"

Olórí wọn dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin náà ni o."

Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ru ilẹ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́ á gbọ́ ohùn wọn kó tó dé etí omi. Lójú tèmi, ìṣọ́ yẹn ju kíkó lọ. Ẹ̀gbin tí a kó kúrò, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló ń gbà kó tó padà. Ibi tí ẹnìkan bá ń ṣọ́ ni kì í tètè padà sí.

Àwọn ọ̀dọ́ náà tún ń gbin ọparun sí bèbè tó ti ń ya, kí gbòǹgbò lè di ilẹ̀ mú. Ti àwọn ilé tó ti na ẹsẹ̀ wọ ojú ọ̀nà odò kọjá agbára wọn, ìjọba ló ni ìyẹn. Ìjọba náà ló ni ọkọ̀ akólẹ̀, àdúgbò tí ọkọ̀ kì í dé ló sì ń sọ odò di àkìtàn. Kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àwọn ọmọ yìí bojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí odò, ẹ wá àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ládùúgbò yín. Bí ẹ ò bá lè wọ omi, ẹ ra ìbọ̀wọ́ àti bùútù fún wọn, kí ẹ sì bá wọn ṣọ́ bèbè kí òjò tó dé.