Ìgboro kọ́ ló bí i
Fèrè tírélà tó ń lọ sí èbúté Àpápá àti ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi ní Ajégúnlẹ̀ tí a ti dàgbà. Àbúrò mi ọkùnrin a máa fọwọ́ dí etí, a sì máa ké. Àwọn ẹbí ní ìgboro ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, pé ká gbé e lọ sí abúlé.

Lọ́dọ̀ ìyá àgbà wa nítòsí Ìsẹ́yìn, ara rẹ̀ balẹ̀, nítorí ibẹ̀ dákẹ́. Síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀, kò sì sí olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń kọ́ irú rẹ̀.

Ìwádìí kan ní Denmark lọ́dún 2005 fi hàn pé wọ́n ń rí ọ́tísíìmù lára àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú ńlá ju ti ìgbèríko lọ. Èyí kò sọ pé ìgboro ló ń fà á. Àbímọ́ ni, ìlú ńlá ni àwọn dókítà tó lè dá a mọ̀ pọ̀ sí.

A mú un padà sílé. Yàrá ẹ̀yìn tó jìnnà sí títì ló ń sùn báyìí, ó sì ń kọ́ láti fi àwòrán béèrè omi. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, ó di ọ̀dọ̀ ìyá àgbà.