Ata Tútù Lórí Ọlọ

Ẹ̀rí ni mo fẹ́ jẹ́, mi ò sì ní fi nǹkan kan pamọ́. Láti ìgbà tí baálé mi ti jáde láyé, tí àwọn ọmọ sì wà ní Èkó àti Ìbàdàn, ọbẹ̀ sísè ló ń pa mí lẹ́kún. Ọwọ́ mi mọ bí wọ́n ṣe ń din ata fún odidi agbo ilé. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń din ín fún èmi nìkan. Bí mo bá ṣe é níwọ̀nba, á jóná. Bí mo bá sè é bó ṣe mọ́ mi lára, á kan kí n tó jẹ ẹ́ tán, torí iná mànàmáná kì í dúró kí fíríìjì ṣiṣẹ́. Ni mo bá gba búrẹ́dì àti tíì mú lálaalẹ́. Mo rù. Bí àwọn ọmọ bá pè, tí wọ́n ní, "Mọ́mì, kí lẹ jẹ?", iyán ni mo máa ń pè fún wọn.

Ayálégbé mi kan, ọmọ Poli Ẹdẹ níbí, ló fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù. Ìyá àgbà kan ní Mẹ́síkò ló jókòó ti òkúta dúdú oníkòtò, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní molcajete. Ó lọ ata àti tòmátì, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Kò gbé nǹkan kan kaná. Salsa nìyẹn. Mo ní kí ọmọ náà bá mi gbé ọlọ ìyá ọkọ mi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé.

Láti ìgbà náà, mo máa ń lọ ra tòmátì ní ọjà Tìmì fúnra mi. Fún ọbẹ̀ díndín, èèyàn lè ra tòmátì tó ti rọ̀, iná á tún un ṣe. Salsa ò rí bẹ́ẹ̀: tòmátì tó le, tó pọ́n, ni mò ń ṣà, pàápàá tòmátì ìbílẹ̀ wa tó kan díẹ̀ lẹ́nu. Nítorí pé iná ò ní kàn án, mo máa ń fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sì máa ń da omi gbígbóná sórí ọlọ kí n tó lò ó.

Iyọ̀ àti àlùbọ́sà ló ń ṣáájú. Iyọ̀ yẹn ló ń ran ọmọ ọlọ lọ́wọ́ kí àlùbọ́sà lè di omi. Lẹ́yìn náà ni rodo kan. Kóró ni gbogbo èèyàn ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n ara funfun tí kóró rọ̀ mọ́ nínú ata ni oró rẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá lè jẹ ata púpọ̀, kó fi ọ̀bẹ yọ ọ́ kúrò. Mo máa ń fi òróró pa ọwọ́ kí n tó fọwọ́ kan rodo, torí omi lásán kì í ṣí oró ata kúrò lára. Tòmátì ló gbẹ̀yìn, mi ò sì kì í lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ̀rọ ìlọta máa ń sọ ọ́ di ìfòfó, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá. Lórí ọlọ, ẹran tòmátì ṣì máa ń hàn, omi pupa á máa ṣàn lọ sẹ́bàá òkúta. Mo já ewé efinrin sí i, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e.

Ọmọ ìyá kan náà ni rodo wa àti ata habanero àwọn ará Mẹ́síkò. Kí Columbus tó tukọ̀ dé Amẹ́ríkà ní 1492, kò sí rodo, kò sí tòmátì nílẹ̀ Yorùbá. Iyèrè àti ataare làwọn baba wa ń jẹ. Ohun tí ìyá inú fídíò yẹn ń lọ̀ ti pẹ́ nílé wọn ju tiwa lọ, inú mi sì dùn pé ó dé ọ̀dọ̀ wa.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo fi iṣu sísun jẹ ẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Ata wà níbẹ̀, àmọ́ baálé mi náà wà níbẹ̀, mo sì jẹ́ kí ó bọ́. Mo jẹ iṣu náà tán. Alhamdulilahi, èmi tí oúnjẹ ń sá fún!

Nígbà tí àwọn ọmọ wálé fún Iléyá, mo din ata bí a ti ń ṣe é. Àkọ́bí mi rí àwo kékeré tèmi, ó fi ẹran àgbò tọ́ ọ wò, ló bá pe àwọn àbúrò rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, àwo ti gbẹ. Mo rán àbíkẹ́yìn lọ ra tòmátì sí i.