Àjọkẹ́, Padà sí Kíláàsì

Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Àjọkẹ́ mi,

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o kọ sórí fóònù mi. Ara gbogbo wa le nílé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ìyá rẹ sì ti ń wá ẹni tí yóò bá a gbé gàrí wá fún ọ ní Ifẹ̀.

O ní o dáhùn ìbéèrè mẹ́rìndínlógún kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì sọ fún ọ pé ojú ni o fi ń kọ́ nǹkan, pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í tètè wọ̀ ọ́ lórí. Láti ìgbà náà ni o kò ti lọ sí kíláàsì olùkọ́ yín tó máa ń sọ̀rọ̀ láìya àwòrán, fídíò lo ń wò nínú yàrá. O wá ń bi mí bóyá ohun tí o ṣe dára. Kò dára. Padà sí kíláàsì ná, kí o tó wá ka ìyókù lẹ́tà yìí.

Mo mọ ìbéèrè náà. Neil Fleming ló gbé e kalẹ̀ ní New Zealand ní 1987. Iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó máa lọ yẹ ilé ìwé wò, ó sì ti jókòó sí kíláàsì àìmọye olùkọ́. Ohun tó ń rú u lójú ni pé olùkọ́ tó mọṣẹ́ dunjú lè kọ́ni títí kó má yé àwọn ọmọ kan. Ó wá pín ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ń gbà wọlé sí mẹ́rin: ojú, etí, ìwé kíkà pẹ̀lú kíkọ, àti ìfọwọ́ṣe. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Fleming fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tó wu ènìyàn ni ìbéèrè náà ń wá, kì í ṣe ohun tí ènìyàn lágbára lé. Àwọn tó gbé e kiri ló sọ ọ́ di ilà tí a ń kọ sójú ọmọ, tí kò ní parẹ́ mọ́.

Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ láti mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n ń wá kò lọ́jú pọ̀. Kó àwọn tó ní ojú làwọn fi ń kọ́ nǹkan jọ, kó àwọn tó ní etí làwọn fi ń kọ́ ọ jọ. Fi àwòrán kọ́ ìdajì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ìdajì kejì, kí gbogbo wọn wá ṣe ìdánwò kan náà. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, àwọn tó gba ẹ̀kọ́ lọ́nà tó wù wọ́n ni yóò mókè. Ìwádìí tí wọ́n ṣe dáadáa báyìí kò pọ̀ rárá, nínú ìwọ̀nba tó sì wà, ọ̀pọ̀ ló tako ohun tí àwọn èèyàn ń wí.

Ṣùgbọ́n fi ìwádìí sílẹ̀ ná, wo iṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ yàn. Nọ́ọ̀sì lo fẹ́ ṣe. Egungun, iṣan, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn, ojú ló ni gbogbo ìyẹn. Ẹni tí kò bá wo àwòrán, tí kò sì yà á, ń fi ara rẹ̀ ṣeré ni. Tó bá wá kan ká wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Wàá fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀já apá, wàá máa tú u díẹ̀díẹ̀, wàá sì tẹ́tí sí ibi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti dákẹ́. Ìró inú àyà ọmọ tí kò lè mí dáadáa kò ní àwòrán. Ní ti abẹ́rẹ́ gígún, ọwọ́ ló ń kọ́ ọ, bí o tilẹ̀ wo fídíò rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí a ń kọ́ ló ń sọ ẹ̀yà ara tí yóò gbà á, Àjọkẹ́, aláìsàn kò sì ní dúró kí o lọ wo èyí tó wù ọ́.

Ta ló tiẹ̀ bi ọmọ Àyàn rí bóyá etí wù ú ju ojú lọ? Ìlù ló bá nílé, ó gbọ́ ọ títí, ó wò ó títí, wọ́n wá gbé kọ̀ǹgọ́ lé e lọ́wọ́. Ọmọ ilé kéwú náà ń fojú wo wàláà, ẹnu rẹ̀ ń pè é, etí rẹ̀ ń gbọ́ tẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. (Mi ò ní kí wọ́n dá ẹgba ibẹ̀ padà o. Bàbá rẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹgba yẹn.) Nǹkan kan wà tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe tí ẹ̀yin ọmọ yunifásítì kì í fẹ́ ṣe: wọ́n á kà á padà fún olùkọ́ láìwo nǹkan kan. Ọmọ awo tí kò bá lè ké ẹsẹ Ifá àná lónìí, kò ní gba òmíràn.

Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke dán irú èyí wò ní 2006. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ka ìwé kan ní àkàtúnkà, kí àwọn mìíràn kà á, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á ní àkàtúnkà ló mókè. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó kà á ní àkàtúnkà ló fọkàn balẹ̀ jù pé àwọn ti mọ̀ ọ́n! Fídíò tí ò ń wò, irú ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn náà ló ń fún ọ.

Ní ti ariwo yàrá yín tí o tún sọ pé ó ń dà ọ́ láàmú, mo gbà pẹ̀lú rẹ, n kò ní sọ pé kí o mú un mọ́ra. Ẹni tó bá ti kọ́ni rí lábẹ́ páànù tí kò ní àjà mọ̀ pé bí òjò bá ti dé, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. O lè máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sójú pátákó, ẹnu rẹ ń ṣí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan. Ilé ìwé kan wà ní New York, P.S. 98, tí ọkọ̀ ojú irin ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lókè. Arline Bronzaft àti Dennis McCarthy ṣe ìwádìí níbẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 1975. Àwọn ọmọ tí kíláàsì wọn kọjú sí ojú irin rẹ̀yìn nínú ìwé kíkà sí àwọn tó wà lódì kejì ilé kan náà, àwọn tó dàgbà jù nínú wọn sì fi bí ọdún kan rẹ̀yìn. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìtàn yìí ni pé kò parí síbẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ irin, wọ́n fi ohun tó ń gbé ariwo mì sí àjà kíláàsì, nígbà tí Bronzaft sì padà wò ó, tó gbé èsì jáde ní 1981, ìyàtọ̀ ti tán. Ariwo ni wọ́n dín kù o, ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ kankan ohun tó wù ú.

Ooru náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, àwọn tó kọ́ yunifásítì wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, tí wọ́n ya àwòrán ilé yunifásítì Ìbàdàn, dá ihò sára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba inú yàrá kọjá. Ní ọ̀dọ̀ yín ní Ifẹ̀, Arieh Sharon láti Ísírẹ́lì mú kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ nínú ilé Humanities, kí ó lè ṣíji bo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Lọ jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án kan, wàá rí i. Ẹni tó bá dí irú ihò bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ọjọ́ tí iná bá lọ ni yóò mọ ohun tó ṣe.

Nítorí náà, bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké lẹ́yìn fèrèsé yín, dìde kúrò níbẹ̀. Lọ sí ibi ìkàwé, tàbí kíláàsì tó ṣófo láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Nínú kíláàsì olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ kò ròkè yẹn, tètè dé, kí o jókòó síwájú. Yọ ohun tó wà létí rẹ bí o bá ń kàwé. Orin tó ní ọ̀rọ̀ nínú á máa bá ìwé jà. Ṣùgbọ́n má wá ibì kan ṣoṣo tí wàá sọ di tìrẹ, tó bá sì ti sọnù, kí ìwé náà sọnù. Ní 1978, Steven Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn tó kọ́ ọ̀rọ̀ kan náà nínú yàrá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rántí rẹ̀ ju àwọn tó kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì nínú yàrá kan lọ, nígbà tí wọ́n dán wọn wò níbòmíràn. Gbọ̀ngàn ìdánwò kì í ṣe ibùsùn rẹ.

Màá fi owó fìtílà oníbátìrì ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá pè ọ́, egungun ọrùn ọwọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni màá bi ọ́, láti apá àtàǹpàkò lọ. Pa ìwé dé kí o tó gbé fóònù. Ìwé tèmi á wà níwájú mi, màá máa fi ìka sí i.

Èmi ni,
Àǹtí Ìbàdàn.