£40 péré ni wọ́n ní kí n fi kún un

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe fẹsẹ̀ rìn láti Peckham dé Lewisham ní aago méjì òru. Póókà ló fà á.

Ilé ọ̀rẹ́ wa kan la ti máa ń ta á ní alẹ́ Friday. Lọ́jọ́ yẹn, Ace àti 9 ló wà lọ́wọ́ mi. Ace wà nílẹ̀, 9 náà wà nílẹ̀. Orí mi ti wú! Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tá a jọ ń fà á: ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa bọ́ọ̀sì, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọkàn pupa méjì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ni káàdì karùn-ún, èyí tá à ń pè ní river, bá tún jẹ́ ọkàn pupa. £120 ti wà láàárín tábìlì. Mo ju £40 sí i. Ẹ̀gbọ́n wo káàdì wọn, wọ́n rọra ti £80 síwájú. Raise tó kéré jù tí òfin gbà nìyẹn.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. £120, £40 tèmi, £80 tiwọn: £240. £40 péré ni màá fi kún un. Tí mo bá pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹfà, tí mo wá jẹ ẹ̀ẹ̀keje, ọgbọọgba ni. Ta ló máa ju irú ẹ̀ nù? Mo call.

Ẹ̀gbọ́n ṣí káàdì. Ọkàn pupa méjì. Márùn-ún ti pé.

Ọmọ! £40 tó kẹ́yìn yẹn ni owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mi. Nígbà tílẹ̀ mọ́, màmá mi pè láti Ìbàdàn: "Ṣé o ti jẹun?" Mo ní, "Mo ti jẹun, mà." Irọ́ ni.

Ìṣirò mi ò ṣì o. Ohun tí mi ò bi ara mi ni pé: ṣé ẹ̀gbọ́n yìí lè parọ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú méje? Ẹni tó ń parọ́ ní river fẹ́ kó o sá, á ju owó tí ẹ̀rù á fi bà ẹ́. Ẹni tó fi díẹ̀ lé tìẹ ò fẹ́ kó o lọ síbì kankan. Ó ń ta nǹkan fún ẹ ní iye tó mọ̀ pé o ò ní lè kọ̀.

Àwọn ọ̀gá wà ṣá, tó ń fi owó kékeré parọ́ torí wọ́n mọ̀ pé ìwọ náà ti mọ ohun tí mo sọ yìí. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀gá nínú pálọ̀ wa?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú fóònù mi: gbogbo raise kékeré ní river tí mo fojú ara mi rí káàdì tó wà nídìí ẹ̀. Ó ti di mọ́kànlá. Irọ́ jẹ́ ẹyọ kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ju £25, ẹ̀gbọ́n tún rọra ti £50 síwájú. Ace méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ń yún mi. Mo ju káàdì mi sílẹ̀: "Ẹ máa kó o, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Àbúrò, o ti ń dàgbà."

Wọn ò ṣí káàdì wọn hàn mí. Mi ò ní mọ̀ láéláé, ó sì ń dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wọ bọ́ọ̀sì délé.