Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Aboabo

Aboabo, ní Kùmásí, ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń pàtẹ níbẹ̀: ó ń fi Haúsá polówó ọjà, ó ń fi Twi kí aládùúgbò, ó sì ń fi Yorùbá bá wa wí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ, ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gbé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú baba mi tí n kò rí rí.

Ní ọdún 2022, ìpàdé àwọn onímọ̀ ni ó gbé mi padà sí Kùmásí. Ohun tí a jíròrò lé lórí ni bí àwọn yunifásítì Áfíríkà yóò ṣe máa gba akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ara wọn. Èmi náà sọ̀rọ̀. Mo rán wọn létí pé Ìbàdàn àti Legon, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ń fúnni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ara wọn. Mo yin Àdéhùn Addis Ababa ti 2014, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i máa ka ìwé-ẹ̀rí ara wọn sí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sí Aboabo. Ìyá arúgbó kan tí ó mọ ìyá mi, tí òun ti padà wá ní tirẹ̀, fi Twi kí mi. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè dákẹ́. Ó wojú mi, ó yí i sí Yorùbá: “Ọmọ mi, ìjọba ni ó lé ọ kúrò níbí. Ta ni ó wá lé èdè náà kúrò lẹ́nu rẹ?”

N kò rí èsì fọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé nìkan ni a sọ ní ìpàdé wa. Àdéhùn dára, ṣùgbọ́n ìwé ni; ọ̀ràn ìwé náà ni wọ́n sì fi lé wa lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ọdún mẹ́rin gbé Kùmásí láìlè fi Twi ná ata, àlejò ni ó wá, àlejò ni yóò padà. Ní èrò tèmi, ó yẹ kí èdè ìlú jẹ́ dandan fún ẹni tó bá wá kàwé láti ilẹ̀ mìíràn: Twi ní Kùmásí, Yorùbá ní Ìbàdàn, Fọ̀n ní Abomey-Calavi.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ní ọjọọjọ́ Àìkú, mo ń pe ìyá náà lórí fóònù. Twi ni a ń sọ. Ó ṣì ń tún ohùn mi ṣe.