Lórí Táyà Méjì Ni Ẹ̀mí Wa Wà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo jókòó níwájú ìsọ̀ fọkanáísà kan ní Ìyànà Ọfà, tí mo ń wo táyà alùpùpù méjì tí ó gbé kalẹ̀ fún mi. Ọ̀kan jẹ́ tuntun. Èkejì jẹ́ tókunbọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “tókunbọ̀ yìí nípọn ju tuntun yẹn lọ. Ẹ wo ojú rẹ̀, kò tíì jẹ rárá.”

Kò parọ́. Ilà ojú táyà náà ṣì jìn. Bí ó bá jẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, ǹ bá ti sanwó.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, irú táyà bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rà sí ẹ̀yìn alùpùpù tí mo fi ń lọ sóko. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo gbé ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ìyá Àgbà, bọ̀ láti Lálúpọn pẹ̀lú àpò gàrí kan. Táyà ẹ̀yìn bẹ́ lójijì. Èmi kàn bó láwọ̀ ni. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Ìyá ló ṣẹ́. Gàrí yíyan ni ó fi tọ́ ọmọ mẹ́fà, ṣùgbọ́n títí di òní yìí, ọwọ́ yẹn kò lè yan gàrí mọ́. Kò bú mi. Ohun tí ó sọ ni pé, “Ọmọ mi, ká dúpẹ́ pé kì í ṣe orí.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju èébú lọ, nítorí pé èmi ni mo yan táyà, òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka ara táyà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ a máa gbẹ ẹ́ títí yóò fi sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, a máa kìlọ̀ pé kí a má lo táyà tó bá ti ju ọdún 4 lọ. Àlòkù táyà wà lára ọjà tí òfin kò gbà kí a kó wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ ó kún ìsọ̀ wa.

Ẹ̀yìn èyí ni ìwọ̀n. Lára alùpùpù tèmi, 2.75-17 ni ti iwájú, 3.00-17 ni ti ẹ̀yìn. Àwọn kan a máa fi ti iwájú sí ẹ̀yìn nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Ẹ tún wo nọ́ńbà ẹrù, bíi 47, tó túmọ̀ sí pé táyà kan kò gbọdọ̀ ru ju kìlógíráàmù 175 lọ. Ẹ bá mi ṣírò: ọlọ́kadà 70, èrò méjì 120, àpò gàrí 50, alùpùpù fúnra rẹ̀ ju 100 lọ. Àpapọ̀ ti ju 340. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ bá wà lẹ́yìn, ó ti ju 220. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé wa láti Akanran àti Ẹ̀rúnmu lójoojúmọ́, lórí túùbù tí a ti lẹ̀ nígbà márùn-ún.

N kò dá ọlọ́kadà lẹ́bi tán. Púpọ̀ nínú wọn ló ń san owó alùpùpù díẹ̀díẹ̀ fún olówó. Kí wọ́n tó jẹun, wọ́n ti jẹ gbèsè. Ilé iṣẹ́ Michelin tó ń ṣe táyà ní Port Harcourt ti kógbá sílé ní ọdún 2007. Dunlop tó wà ní Ìkẹjà tẹ̀ lé e ní 2008. Láti òkè òkun ni tuntun ti ń wá, bí owó dọ́là bá sì ti gòkè, táyà náà gòkè.

Ní oṣù kẹta ọdún 2016, nígbà tí Mínísítà James Ocholi pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, gbogbo wa ló gbọ́ pé táyà bẹ́. Bí ti ọ̀kadà bá bẹ́ lọ́nà oko, ta ni yóò gbọ́? Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gun ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo táyà kí ẹ tó gùn ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún un lẹ́rù oko gbé, ẹ fi díẹ̀ kún owó rẹ̀, kí ẹ sì dín àpò kan kù.

Èmi ra tuntun, mo ra túùbù tuntun mọ́ ọn. Owó tí mo fẹ́ fi ra ajílẹ̀ ni mo ná. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo ní kí Ìyá Àgbà jẹ́ kí n gbé wọn. Wọ́n rọra yí alùpùpù náà po, wọ́n fi ọwọ́ òsì tẹ táyà ẹ̀yìn wò, kí wọ́n tó gòkè.