Ẹyọ Kan Péré La Fi Kún Un
Ó ti mọ́ àwa tá a ń kọ sọ́fítíwia lára: bí iṣẹ́ bá wúwo, a ó ra RAM kún un. Lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ owó, a máa ń fi láptọ́ọ̀pù wa ṣàfarawé spin, mágínẹ́ẹ̀tì tíntìntín tó lè kọjú sókè àti sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ 30, nọ́ńbà tá a máa tọ́jú lé ní bílíọ̀nù kan, ìyẹn gígábáìtì 16. Ẹ fi ẹyọ kan péré kún un, ó di 32. Owó wo ló fẹ́ ká irú ẹ̀?

Lọ́dún 2004, Guifré Vidal fi hàn pé tí wọ́n bá tò sórí ìlà kan, tí wọn ò sì tíì so kọ́ra púpọ̀, a lè da ọ̀pọ̀ nọ́ńbà náà nù kí ìdáhùn má sì bà jẹ́. Ọgọ́rùn-ún spin wá wọ láptọ́ọ̀pù! Àmọ́ bí àkókò ṣe ń lọ ni wọ́n túbọ̀ ń so kọ́ra, títí kò fi ní sí èyí tó ṣeé dà nù mọ́.

Feynman ti sọ ọ́ ní 1981: ẹ̀rọ kúáńtọ́ọ̀mù ló yẹ ká fi ṣàfarawé ohun kúáńtọ́ọ̀mù. Kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó dé ọwọ́ wa, ẹ jẹ́ ká máa wo aago: ìdáhùn tá a gbà kí wọ́n tó so kọ́ra jù la lè gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí tó kù, àwòrán tó dáa lójú lásán ni.